Àkọsílẹ̀ Ìjàm̀bá Ọkọ̀: Láti Ìdájọ́ dé Ìwádìí

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan ni òfin ń bi awakọ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá: ta ni ó jẹ̀bi? Òfin 1903 pàṣẹ pé kí ó dúró. Òfin 1930 fi kún un pé bí kò bá fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fẹjọ́ ara rẹ̀ sun ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó kọjá. Ẹjọ́ ni a ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dè.

Ní 1949, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ irú ìwé kan náà níbi gbogbo: ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àkókò, ojú ọjọ́, irú ọkọ̀, ọjọ́ orí ẹni tí ó fara pa. Ẹjọ́ kan kò lè fi hàn pé igun ọ̀nà kan ń pa ènìyàn lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a kà pọ̀ ni ó lè fi í hàn.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, ọwọ́ ọlọ́pàá ni àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ wà. Ní ti awakọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bọ Ògún kí ojú ọ̀nà má baà mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fi Òfin 45 dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ṣóyínká sì di alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin 2007 kà á mọ́ iṣẹ́ àjọ náà láti wádìí ohun tí ń fa ìjàm̀bá, kí ó sì lo èsì ìwádìí náà.

Ìwádìí kò sì lè pé bí àkọsílẹ̀ bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà, ẹni tí ó bá kú láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìjàm̀bá, òkú ojú ọ̀nà ni. Bí ìwé ilé ìwòsàn kò bá pàdé ti ẹ̀ṣọ́ àti ti ọlọ́pàá, ẹni tí ó kú ní ọjọ́ kẹwàá yóò wà nínú ìwé ẹ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí alààyè tí ó fara pa. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún nìkan kò tún ọ̀nà ṣe. Ojú tí ó ka òkú pé ni yóò mọ ibi tí a ó tún ṣe.