Fítámì C kọ́ ló ń wo sepsis

Sepsis ni kí kòkòrò àrùn wọ ara débi pé kíndìnrín àti ọkàn ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2017, Dókítà Paul Marik ní Amẹ́ríkà ròyìn pé òun fi fítámì C, fítámì B1 àti hydrocortisone tọ́jú ènìyàn 47. 4 péré ló kú. Nínú 47 tí kò gbà á, 19 ló kú. Inú ayé dùn.

Ṣùgbọ́n ní 2020, ìwádìí tó tóbi jù ú lọ fi hàn pé àdàpọ̀ náà kò ṣe ju hydrocortisone nìkan lọ.

Nítorí náà, bí ara abiyamọ bá gbóná, tó ń mí gúlegúle, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ẹ má wá fítámì kiri. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀.