Ẹ̀rí Wà Nílẹ̀: Ohun Tó Ń Gbé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ró, Ohun Tó Ń Bà Á Jẹ́

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní Yorùbá, mo sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí WhatsApp, orí kan lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n pa bàbá oníkòkó kan sínú ilé rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń wá ẹni tó ṣe é. Nígbà tó di orí kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Àbúrò, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ìwọ tó ń kọ ọ́ yìí, ṣé o mọ ẹni tó pa bàbá yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ó mọ̀ láìpẹ́."

Irọ́ ni mo pa. Èmi náà ò mọ̀. Mo ṣì ń wá ẹni tí màá di ẹ̀ṣẹ̀ náà rù. Nígbà tó di orí kejìlá, mo mú awakọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí wọlé, mo ní òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi o. Wọn ò kàn béèrè ìtàn míì lọ́wọ́ mi mọ́ ni.

Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè kan ò ti kúrò lọ́kàn mi: kí ló dé tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan á gbá wa mú títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí òmíràn á sì já wa kulẹ̀? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn òǹkọ̀wé ti jà lé e lórí gan-an, àwa Yorùbá náà sì ti dá a lóhùn lọ́nà tiwa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1926, Agatha Christie gbé ìwé kan jáde, The Murder of Roger Ackroyd. (Ẹ forí jì mí, mo máa tú àṣírí rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí ìwé náà ti jáde.) Dókítà abúlé kan ló ń sọ ìtàn náà fún wa. Ó ń tẹ̀lé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Hercule Poirot káàkiri, àwa náà sì gbọ́kàn lé e. Ìgbẹ̀yìn la tó mọ̀ pé dókítà yìí gan-an ni apànìyàn. Inú bí àwọn òǹkàwé kan, wọ́n ní òjóró ni obìnrin yìí ṣe fún àwọn. Dorothy Sayers, tí òun náà ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, gbè sẹ́yìn Christie. Ó ní iṣẹ́ òǹkàwé ni láti fura sí gbogbo èèyàn.

Ta ló jàre nínú wọn? Ẹ padà lọ ka orí tí wọ́n ti pa Ackroyd, ẹ ó rí i pé dókítà ò parọ́ fún wa níbẹ̀. Ó sọ aago tí wọ́n mú lẹ́tà wọlé, ó sọ aago tí òun jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà láàárín méjèèjì, kò sì sọ gbogbo ohun tó ṣe nínú rẹ̀. Àlàfo yẹn wà níwájú wa gbagada, àwa la fò ó kọjá.

Èmi tí mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, mo mọ irú nǹkan yẹn dáadáa. Èèyàn á wá àṣìṣe kan láti àṣálẹ́ títí di ìdájí, á wá rí i pé inú ìlà tí òun kọ́kọ́ kà ló wà. Tó bá rí i báyẹn, kò ní bínú sí kọ̀ǹpútà. Ara rẹ̀ ló máa bínú sí, á sì tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dáa máa ń fún òǹkàwé. Tèmi ò lè fún ẹ̀gbọ́n mi, torí kò sí ohun tí wọ́n lè padà sẹ́yìn lọ rí. Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé Christie, àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Ní 1928, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ S. S. Van Dine to ogún òfin jọ. Ní 1929, Ronald Knox to mẹ́wàá tirẹ̀. Ní 1930, àwọn òǹkọ̀wé ní London dá ẹgbẹ́ Detection Club sílẹ̀, Christie, Sayers àti Knox sì wà níbẹ̀. Kókó òfin Knox ò le rárá: ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, àmì tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, kí òǹkàwé náà rí i, kòńgẹ́ ò gbọ́dọ̀ tú àṣírí, ẹ̀mí àìrí ò sì gbọ́dọ̀ yanjú ọ̀ràn. Ẹni tó sọ èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe aláìgbàgbọ́ o. Àlùfáà Kátólíìkì ni Knox. Ó gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò fẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi í bọ́ nínú wàhálà.

Òfin kan wà láàárín wọn tó máa ń múni ṣe háà lónìí: ó ní kí ará Ṣáínà kankan má ṣe sí nínú ìtàn. Téèyàn bá gbọ́ ọ lásán, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, bí òǹkọ̀wé ọlẹ bá ń wá ọ̀daràn, ará Ṣáínà ló máa ń nawọ́ sí, torí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ti ṣe tán láti gbà pé èèyàn burúkú ni. Ó jọ pé ọlẹ yẹn ni Knox ń bá wí. Àwa náà ní tiwa. Ẹ wo iye ìtàn tó jẹ́ pé orogún ìyàwó ló ṣe é, tàbí ìyá ọkọ, tàbí àjẹ́ àdúgbò. Kí a tó ṣí ojú ìwé kejì, a ti mọ̀ ọ́n. Ìkórìíra tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń bá òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́.

Ní 1929 kan náà tí Knox ń to òfin, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Obìnrin náà ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ẹwà rẹ̀, àwọn ọkùnrin rẹ̀, àti ìyà tó wá ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ó di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Kì í ṣe ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní nǹkan tí Knox ò sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé Sẹ̀gilọlá ti di aláìsàn, ó ti di òtòṣì, ó sì ń kábàámọ̀. Kò sí àṣírí kankan nípa ibi tó máa já sí. Síbẹ̀, àwọn ará Èkó ń dúró de lẹ́tà tó kàn. Ohun tó ń gbé ọkàn wa sókè kì í ṣe "kí ló máa ṣẹlẹ̀?" nìkan. "Báwo ló ṣe débẹ̀?" náà tó láti má jẹ́ kéèyàn sùn, bí a bá ti gba ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ló tún yọjú lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Kọ́lá Akínlàdé gbé Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? jáde ní 1971. Orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀ ti béèrè ìbéèrè. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbajúmọ̀ nínú àwọn ìwé Akínlàdé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni: á béèrè ọ̀rọ̀, á fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, á wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò dọ́gba. Ọ̀nà Christie àti Knox nìyẹn, àmọ́ láàárín àwọn èèyàn tó ń kí ara wọn bí Yorùbá ṣe ń kí ara wọn.

Ọ̀nà míì ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbà ní tirẹ̀. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni Lápàdé, kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́. Kò ní aṣọ ìjọba, kò ní àṣẹ kankan lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Òwe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, àwàdà ń jáde, ìkúùkù náà sì ń jáde. Kì í ṣe ẹni tó ṣe é la ń wá níbẹ̀. Ohun tá à ń bi ara wa ni pé, ṣé ó máa bá wọn? Tó bá sì bá wọn, ta ló máa gbà á gbọ́? Lápàdé lè kùnà, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣí ojú ìwé tó kàn.

Ọ̀nà méjì ni, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló gbé méjèèjì ró. Akínlàdé bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n wa, ó jẹ́ kí àwa náà wádìí. Òkédìjí bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù tó ń bà wá, kò jẹ́ kí akọni rẹ̀ ṣẹ́gun lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn tí à ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ti ń ṣubú nìyí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á kàn ṣe kòńgẹ́ ọ̀daràn ní ọjà. Tàbí kí ó lá àlá. Tàbí kí wòlíì pe orúkọ ọ̀daràn ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí ìwàásù bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò sọ pé kí Ifá má sí nínú ìtàn wa o. Ilé wa ni à ń kọ nípa rẹ̀, babaláwo sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ dá Ifá kì í sábà gba orúkọ àti àdírẹ́sì bọ̀. Ẹsẹ ló máa gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa wá ibi tí ẹsẹ náà ti bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí ẹsẹ náà bá jáde ní orí kejì, tí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ, tí a sì jọ ṣì í túmọ̀ títí di orí kogún, ẹ̀rí tòótọ́ ni. Knox ì bá má fara mọ́ ọn, àmọ́ kò sí òjóró kankan níbẹ̀.

Mo ti padà sídìí ìtàn bàbá oníkòkó yẹn. Orí tó kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ kọ lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Apànìyàn náà wà ní ojú ìwé kìíní, ó ń bu omi fún àlejò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi orí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì tọrọ àforíjì fún ti ìjọsí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mo ti ń fura sí ẹnì kan o. Ṣé o mọ ẹni náà lọ́tẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Fi orí kejì ránṣẹ́."