Primitif: Orúkọ Àwọn Ayàwòrán Flanders

Níbi ìpàtẹ àwòrán ìlú Bruges lọ́dún 1902, «primitif» ni wọ́n pe àwọn ayàwòrán Flanders àtijọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọwọ́ wọn kò tíì mọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ aṣáájú ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Ẹ wo àwòrán Arnolfini tí Jan van Eyck, ọ̀kan nínú wọn, yà lọ́dún 1434: nínú jígí róbótó tó wà lára ògiri, ẹ̀yìn ọkùnrin àti obìnrin tó wà nínú àwòrán náà hàn kedere, pẹ̀lú ẹni méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ òpè kọ́ nìyẹn! Àwọn kan á ní aṣáájú ni torí pé òun ló kọ́kọ́ fi òróró po ọ̀dà. Rárá o, wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Bó ṣe ń kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọnú rẹ̀ tàn padà, ló fi ṣíwájú.