Ohun Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Ń Béèrè Kó Tó So Tọkọtaya Pọ̀

Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Ayọ̀bọ̀, ní Èkó, ohun tí ọ̀kan sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi wà níbẹ̀, ìkéde ìgbéyàwó, ìyọ̀ǹda òbí, ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìwé ìjọba. Ìgbà kan náà kọ́ ni gbogbo wọn dé.

Ìkéde ti pẹ́ nínú wọn. Ní 1215, àpérò kẹrin tí ìjọ Kátólíìkì ṣe ní Lateran, ní Róòmù, pàṣẹ pé kí wọ́n máa kéde ìgbéyàwó ṣáájú, kí ẹni tó bá mọ ìdíwọ́ kankan lè sọ ọ́. Ìjọ Áńgílíkà kò pa àṣà náà tì, àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society), irú Henry Townsend tó dé Abẹ́òkúta ní 1843, sì mú un wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n fi ń kéde ọkọ àti ìyàwó. Àlùfáà á dárúkọ àwọn méjèèjì sétígbọ̀ọ́ ìjọ, á ní kí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ra sọ ọ́. Ẹni tó ti níyàwó nílé, tó ń ṣe bí àpọ́n, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti lè tú.

Ìlànà ọkọ kan, aya kan ló dá awuyewuye sílẹ̀ jù. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pinnu ní Lambeth, ní London, pé a kò gbọdọ̀ ṣèrìbọmi fún ọkùnrin tó bá ní ju aya kan lọ. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà. United Native African Church, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1891, àti African Church, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1901, gba olóbìnrin púpọ̀ mọ́ra láàárín ọmọ ìjọ. Ní 1917, àwọn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì yọ lẹ́gbẹ́ nítorí ìyàwó púpọ̀ dá United African Methodist Church sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ja. Ó di 1988 kí àpérò Lambeth ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó gbà pé kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣèrìbọmi pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè.

Ìjọba náà kò dúró sẹ́yìn. Láti 1884 ni òfin ìgbéyàwó ti wà ní Èkó. Lábẹ́ òfin tó wà lóde báyìí, tọkọtaya á fi ìpinnu wọn tó akọ̀wé ìgbéyàwó létí. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, bí kò bá sí àtakò, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí tó fún wọn láyè láti ṣègbéyàwó. Ilé ìjọsìn gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà ìgbéyàwó, kí ìgbéyàwó náà wáyé láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àlùfáà.

Àwọn ìjọ tó dé lẹ́yìn náà fi tiwọn kún un. Deeper Life, tí W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tó sì dá Anchor University sílẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, ní ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Arákùnrin kì í dá lọ bá arábìnrin tó bá fẹ́ fẹ́. Ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so ẹni méjì tí jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS pọ̀, nítorí nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọmọ lè jẹ́ SS, ìyẹn aláàrùn sickle cell, lọ́nà kan nínú mẹ́rin. Ó burú pé ìgbà tí wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, tí aṣọ ẹbí ti dé ọwọ́ télọ̀, ni àwọn kan ń ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ra, ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ọ̀rọ̀ tó wọ ìdílé, kí ẹ sì bi ṣọ́ọ̀ṣì yín bóyá ó ní láísẹ́ńsì ìjọba kí ẹ tó mú ọjọ́.