Ọkọ̀ Tí Kò Fà Mọ́: Ẹ Jẹ́ Ká Bi Ìtàn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kò bá fà mọ́ lójú títì Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó gba ẹ̀gbẹ́ Òdogbolú kọjá. Kíá ni àwọn kan ń dá tọ́bò lẹ́bi, tí wọ́n á lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn.

Ní 1905, Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, forúkọ èrò kan sílẹ̀: kí èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù máa yí fáànù, kí fáànù náà sì máa ki afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ó di 1925 kó tó yọrí. Agbára ẹ́ńjìnnì fi ohun tó ju 40% lọ pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ojú omi kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní 1978, Mercedes-Benz gbé e dé inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oní dísẹ́ẹ̀lì, 300 SD.

Èéfín, afẹ́fẹ́, epo: okùn kan náà ni wọ́n. Ibi tó ti já ni ká wá. Bí èéfín dúdú bá ń yọ, afẹ́fẹ́ ni kò tó: ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹ wo rọ́bà tó ti ara tọ́bò lọ sí ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti ya. Bí èéfín kò bá yọ, tí ọkọ̀ kàn ń wọ́, ẹ wo fílítà epo. Omi lè ti wọnú dísẹ́ẹ̀lì. Bí èéfín bá ní àwọ̀ aró, tí ọ́ìlì sì ń dín kù, ìgbà náà ni ká fura sí tọ́bò.

Owó rọ́bà kò tó owó tọ́bò. Ẹni tó mọ ìtàn kò ní fi owó ńlá wo àrùn kékeré.