Ìwin Tí Ń Ránmú: Ìtàn Alàwòrán Abàmì Láyé Atọ́ka

Lálẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Ọ̀pẹbí, ọmọbìnrin mi sáré tọ̀ mí wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ wá wo Ẹrú!" Mo bi í pé ẹrú ta ni. Ìtàn alàwòrán kan ni ó ń kà, orúkọ akọni inú rẹ̀ sì ni "Eru", láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀rù tí í ba ni ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé, tàbí èrú tí oníjìbìtì ń ṣe? Iṣẹ́ Comic Republic ni, ilé-iṣẹ́ tí Jide Martin dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2013. Lọ́sàn-án, olùkọ́ ni akọni yìí ní Yunifásítì Èkó. Bí ó bá para dà tán, ó di òrìṣà ìbẹ̀rù. (Èmi náà jẹ́ olùkọ́ yunifásítì. N kò tí ì rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹ̀rù mi ń bà.)

Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ìwin tèmi.

Ní Ọ̀pẹbí yìí kan náà ni bàbá mi háyà yàrá méjì sí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni àwọn ìwé Atọ́ka máa ń wà, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí ó fara jọ wọ́n tí èèpo wọn ti já dànù. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní nǹkan bí 1987, nígbà tí mo rí ìwin kan nínú ọ̀kan nínú àwọn aláìléèpo wọ̀nyẹn: ó fi ẹfun kun ojú, ó so màrìwò mọ́ ìdí, ṣùgbọ́n sálúbàtà rọ́bà ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ya fọ́tò náà. Síbẹ̀, n kò lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lóru ọjọ́ náà.

Kì í ṣe fọ́tò ni ó dẹ́rù bà mí bẹ́ẹ̀, ohùn ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi a gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a máa ka ìwé náà sókè fún àwọn ará ilé, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wéé kà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwin, wọn a ránmú. Ìyá kan tí ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa a máa kígbe mọ́ ọdẹ inú fọ́tò pé kí ó sá, gbogbo ilé a sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní 1967 ni ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ní Ìlúpéjú, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Atọ́ka jáde. Kì í ṣe àwòrán tí a fọwọ́ yà. Ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé, irú ti Oyin Adéjọbí, ni yóò ṣe eré wọn níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, a óò yà wọ́n ní ìṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé-ìṣísẹ̀, a óò sì to àwọn fọ́tò náà sójú ewé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníkálùkù. Láti 1968 ni ilé-iṣẹ́ Drum náà ti ń tẹ African Film, níbi tí Lance Spearman ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìbọn lé ọ̀daràn kiri. Ọmọ ilé-ìwé kò jẹ́ fi í ṣeré rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni Spearman ń sọ. Yorùbá ni ti Atọ́ka.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé gan-an nìyí. Abàmì ẹ̀dá ilẹ̀ wa kì í yadi. Àgbákò inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938 ní ojú mẹ́rìndínlógún, síbẹ̀ kì í kàn bu ramúramù bíi ti ẹranko. Ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Agbárí inú ìwé Tutùọlá tí ó jáde ní 1952 yá ẹ̀yà ara lọ sọ́jà, ó di arẹwà, ó sì ń dá wọn padà fún àwọn olówó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń lọ sílé, obìnrin tí ó tẹ̀ lé e sì ń wò ó. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rù sì ni. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìwé náà sórí ìtàgé ní Yorùbá ní 1963, àwọn èrò ìwòran ti mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ láti inú àlọ́. Ẹ wo egbére pẹ̀lú ẹní rẹ̀: ẹkún ni ó ń sun kiri, ẹni tí ó bá sì já ẹní náà gbà di olówó. Èwo ni kí á bẹ̀rù níbẹ̀?

Ìdí tí ìwin fi ń ránmú kò ṣòro láti rí. Ìjàpá a máa ránmú nínú àlọ́. Egúngún ní ohùn ségi tirẹ̀. Bí a bá yí ohùn padà, etí mọ̀ pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n èdè tí ó ń sọ, tiwa ni. Ẹ̀rù wà nínú ohùn náà, ẹ̀rín sì wà nínú pé a gbọ́ gbogbo ohun tí ó sọ. Ìwé kò sì lè tẹ ìránmú: òǹkàwé ni yóò fi kún un.

Lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, náírà já wálẹ̀, bébà sì di ọ̀wọ́n. Ní 1988 ni Ṣóńṣó Méjì ti Adé Ajíbóyè jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ọ̀pọ̀ eléré sì gba ọ̀nà yẹn lọ. Ìwin inú fídíò ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. A kò nílò bàbá ẹnikẹ́ni lọ́dẹ̀dẹ̀ mọ́. Nígbà tí a fi máa dé àárín àwọn ọdún 1990, Atọ́ka kò sí lórí àtẹ mọ́.

Inú mi dùn pé ìtàn alàwòrán ti padà dé. Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ Iyanu ti Roye Okupe jáde ní 2021, Godwin Akpan ni ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì di eré tẹlifíṣọ̀n lórí Cartoon Network ní 2025. Ó rẹwà lójú mi. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ náà, bí Ẹ̀rù ti ń sọ ọ́. Aṣọ wa àti orúkọ wa ni wọ́n gbé wọ̀, wọ́n fi ohùn sílẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ pé ọjà ni ó fà á kò tíì wọ̀ mí létí, nítorí Atọ́ka tà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún.

Mo gbìyànjú láti fi Yorùbá ka Ẹ̀rù fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní mo ń sọ̀rọ̀ bíi tíṣà. Mo bá pe bàbá mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n sì ránmú pe orúkọ ọmọ náà. Ó ju fóònù sórí àga, ó sá wọ yàrá. Kò pẹ́ tí ó fi yọjú padà, tí ó ní kí bàbá àgbà tún un ṣe.