Ìpè

Láti ara iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni Yorùbá ti sọ ohun èlò yìí lórúkọ, nítorí ohun tí ń pe ènìyàn ni ìpè, ì báà ṣe kàkàkí gbọọrọ ti ààfin Ọ̀yọ́, ì báà ṣe idẹ kúkúrú tí àwọn ọmọ Boys' Brigade, ẹgbẹ́ tí ó ti wà ní Èkó láti 1908, ń fun ní ìgboro Yábàá àti Mùṣin. Àwọn tí ń pè é ní fèrè kò rò ó jinlẹ̀: ìpè ológun kò ní ihò tí ìka ń dí, ètè àti èémí nìkan ní ń yí ohùn rẹ̀ padà. Ìró rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Òun ní ń jí ọmọ ogun, òun náà ni a sì ń fun fún àwọn akọni tó ti lọ, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún.